Ọkọ̀ Tó Ríran Ju Abíọ́nà Lọ

Ẹ̀gbẹ́ títì Ìkéré ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ ń ti oko bọ̀ tí ọmọ ò dúró de ilé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Abíọ́nà. Òun fúnra rẹ̀ kì í fi orúkọ náà ṣeré. Ó ní ẹni tí wọ́n bí sójú ọ̀nà, ọ̀nà ò lè ṣe é léṣe, òun náà ò sì ní ṣe ẹni tó ń rìn lọ́nà léṣe. Bó ṣe ń wí nìyẹn láti ìgbà tó ti kó wá sí Ìsọlọ̀, tó ń wakọ̀ fún Ọ̀gá Olúsànyà ní Àjàó Estate. Ó wí i títí tí àwọn dírẹ́bà yòókù fi ń bá a parí gbólóhùn náà.

Kì í ṣe ẹnu lásán ṣá. Ọkùnrin yìí ò gbá ewúrẹ́ rí. Ó gbé àwọn ọmọ Olúsànyà lọ sílé ìwé títí wọ́n fi dàgbà. Ó gbé ìyàwó ọ̀gá lọ sí ọsibítù nígbà tí àìsàn dé, nígbà tó sì yá, ó gbé òkú rẹ̀ lọ sí ibojì, ọkọ̀ ò họ níbì kankan lára. "Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí," òwe tó fẹ́ràn jù nìyẹn. Bí dírẹ́bà kan bá fi ọkọ̀ họ ògiri ní àdúgbò, wọ́n á ní kó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Abíọ́nà. Orúkọ yìí ni gbogbo ohun tó ní láyé. Kò kọ́lé, kò ra ilẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Ṣemílọ́rẹ, wà ní yunifásítì, iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà yìí ló sì ń gbé e níbẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Apakun tó máa ń pe Abíọ́nà ní afárá òun. Ìyá Nafeesah ni, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó ń ta ọsàn bíbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kékeré tó bá títì ńlá pápákọ̀ òfurufú rìn. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ jìnnà sí ibi tó ń jókòó, ibi tó sì ti ń pọn omi wà lódìkejì. Nítorí náà, láràárọ̀, bó bá ti rí ọkọ̀ Abíọ́nà lókèèrè, á gbé ọwọ́ kan sókè, á sọ̀ sójú títì. Abíọ́nà á dúró gbagidi. Àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fun fèrè, wọ́n á máa bú ìyá rẹ̀, kò ní mira. Obìnrin náà á gbé kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀ kọjá, á na ọsàn méjì wọlé lójú fèrèsé fún ọ̀gá. Bí àwọn tí wọ́n jọ ń tajà bá ní ikú ló ń wá, á ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ mọ òun. Báwa ṣe ń kọjá títì ní ìlú yìí náà nìyẹn. Ojú ẹni tó ń bọ̀ là ń wò, a kì í wo ọ̀nà.

Ohun tí Ìyá Nafeesah ò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀, ni pé ojú ti ń tán lójú Abíọ́nà.

Kò dùn ún, kò pọ́n, kò ṣepin. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń kú wá, díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ rí i pé èjìká òun ń kọlu ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé àwọn kí i lọ́nà, kò dáhùn, ṣé ó ti ń gbéra ga ni? Ó yọ́ lọ sí ọsibítù ojú láìsọ fún ìyàwó. Dókítà obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ju Ṣemílọ́rẹ lọ díẹ̀ fi iná wò ó, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún un. Èyí tó ti lọ nínú ojú náà ò ní padà mọ́. Oògùn tí wọ́n á máa kán sí i, ìyókù ló máa dáàbò bò. Ó wá fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún bàbá pé kó má wakọ̀ mọ́.

Abíọ́nà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ra oògùn, ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpò kóòtù tí kì í wọ̀, ó sì gbabẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Iwájú ṣì mọ́lẹ̀ sí i kedere, àmọ́ ńṣe ló dà bí ẹni tó ń yọjú láti inú páìpù. Nígbà tí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ parí, ẹnì kan tó máa ń bá èèyàn sáré irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá a sáré rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó wá ka lẹ́tà kan lára ògiri. Ìwé tuntun dé, ó ń dán, fọ́tò rẹ̀ wà lára rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ìwé náà sì ń jẹ́rìí fún gbogbo ayé pé ọkùnrin yìí ríran. Irú ìwé yẹn ni púpọ̀ nínú wa fi ń jáde nílé láàárọ̀, ká má tan ara wa.

Àsìkò yẹn ni Kọ́láolúwa, àkọ́bí Olúsànyà tó ń gbé Kánádà, fi ọkọ̀ tuntun ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ náà ní kámẹ́rà níwájú, ó ní lẹ́yìn, ó ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Lójú fóònù ni ọmọ ti ń ṣàlàyé, ọ̀gá gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́, Abíọ́nà ń nu gíláàsì lọ́wọ́. Kọ́láolúwa ní níbi tí òun wà báyìí, àwọn ọkọ̀ kan ti ń rìn láìsí ẹnikẹ́ni nídìí wọn. Ó ní eléyìí ò tíì dé bẹ́ẹ̀, dírẹ́bà ló ṣì ń wà á, àmọ́ ohun tí dírẹ́bà ò bá rí, ọkọ̀ á rí i, á sì tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í mutí, kì í tòògbé, òun àti ìyàwó kì í jà kó tó jáde nílé. Ó ní ọwọ́ èèyàn ló ń pa èèyàn lójú títì, ọjọ́ tí a bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ èèyàn la máa sinmi òkú sísin.

Ọ̀rọ̀ yìí di àríyànjiyàn lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́nu géètì, níbi tí àwọn dírẹ́bà máa ń jókòó sí. Sùlè, ọmọkùnrin tó ń wakọ̀ fún ilé kejì, ní ìlú tí kò sí ìlà lójú títì, kí ni kámẹ́rà fẹ́ wò? Ẹlòmíì ní ó kúkú sàn ju àwọn tó ń mu paraga láti àárọ̀ kùtù kí wọ́n tó kó èèyàn lọ. Wọ́n fà á síbí, wọ́n fà á sọ́hùn-ún. Nígbà tó kan Abíọ́nà, ó yọ fìlà, ó ní ẹ̀rọ ò mọ ojú èèyàn. Ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ ló máa mọ Ìyá Nafeesah ni?" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó rò ó pé ẹ̀rọ ò nílò kó mọ obìnrin náà, kó ṣáà ti rí i.

Ọjọ́ kìíní tí ọkọ̀ náà fọhùn, ọ̀kadà kan ló yọ láti apá òsì nítòsí géètì estate. Ọkọ̀ ké tantan, iná pupa tàn, ó sì dá ara rẹ̀ dúró gìdì, tó fi jẹ́ pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọlọ́kadà ṣépè, ó lọ. Olúsànyà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Abíọ́nà, ọkọ̀ yìí ríran jù ẹ́ lọ o." Abíọ́nà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ojo ni ẹ̀rọ náà, òun ti rí ọlọ́kadà tipẹ́.

Irọ́ ni. Kò rí i rárá. Ìgbà tí ọkọ̀ ti dúró tán ló tó mọ̀ pé ọ̀kadà wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ọmọléèwé kan ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹlẹ́rù kan pẹ̀lú bárò. Nígbàkígbà tí ọkọ̀ yìí bá ké, nǹkan kan wà lóòótọ́ tí Abíọ́nà ò rí. Ọkọ̀ náà ò purọ́ rí, ìyẹn gan-an ló sì ń dun ọkùnrin náà. Ká ní ó máa ń ké lásán ni, ì bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́ igi. Ó wá kórìíra rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń kórìíra orogún tó ń ṣòfófó. Ohun tó fi pa mọ́ fún ìyàwó, fún ọmọ, fún ọ̀gá, ọkọ̀ àjèjì ń fi ìbòsí ké e sétí ọ̀gá láràárọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Olúsànyà sún mọ́ iwájú, ó ní, "Abíọ́nà, ṣé ojú ẹ ṣì dá ṣáṣá báyìí? Àbí ká wá ọmọ kékeré kan tó máa máa wà á, kí ìwọ máa mójú tó ilé?" Ohùn àwàdà ló fi sọ ọ́. Abíọ́nà rò ó wò. Ta ló ń gba arúgbó sílé láti máa mójú tó ilé tí maigádì wà níbẹ̀? Ṣemílọ́rẹ ṣì ku ọdún kan kó jáde. Ó dá ọ̀gá lóhùn pé ojú òun dá ju ti ìgbà ọ̀dọ́ lọ.

Sùlè ló fi ọ̀nà hàn án. Ọkọ̀ ọ̀gá tiẹ̀ náà ní irú ẹ̀rọ yẹn, ariwo rẹ̀ sì ń fún un ní ẹ̀fọ́rí. Bọ́tìnnì kan wà lábẹ́ ọwọ́ òsì, tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí iná kékeré aláwọ̀ ìyeyè fi tàn, ẹ̀rọ ti sùn nìyẹn. Àmọ́ bí wọ́n bá pa ẹnjìnnì, á tún jí, nítorí náà àràárọ̀ ni kí ẹ̀gbọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Ire ni Sùlè rò pé òun ń ṣe. Kò mọ̀ pé ojú tó ṣẹ́ kù fún ọkùnrin náà lòun ń bá a yọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ọ̀gá tó jáde, Abíọ́nà á ti tẹ bọ́tìnnì. Ó gé téèpù dúdú kékeré kan, ó fi bo iná náà. Ọkọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà tó yá, Olúsànyà kíyè sí i, ó ní ó jọ pé ọkọ̀ yìí ti wá mọ Èkó. Abíọ́nà ní, "Ó ti mọ̀ ọ́n, sà."

Kò mà rọrùn fún un o, ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni. Àárọ̀ kan wà tó fi ìka lé bọ́tìnnì náà, tó gbé e kúrò, tó tún jókòó tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rántí ọmọléèwé ọjọ́sí, bó ṣe gbé báàgì mọ́yà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó gbọ́ ìró bàtà ọ̀gá lórí àtẹ̀gùn, ó tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, òjò ò rọ̀, oòrùn ò mú. Abíọ́nà tẹ ojú mọ́ ìdí bọ́ọ̀sì tó wà níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, nítorí bí bọ́ọ̀sì bá ń lọ, ọ̀nà mọ́. Ọ̀gá wà lẹ́yìn, ó ń ka fóònù. Ìyá Nafeesah gbé kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ lápá òsì, ó rí ọkọ̀ tó mọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó wo ojú Abíọ́nà nínú gíláàsì, ojú náà kọ sí ọ̀kánkán, ó yé e pé ó ti rí òun. Ó sọ̀ sójú títì.

Omi ni Abíọ́nà kọ́kọ́ rí. Kẹ́ẹ̀gì bẹ́ lábẹ́ ọkọ̀, omi ta bo gíláàsì iwájú, ó sì ń rò ó pé ta ló da omi lu ọkọ̀ òun kó tó gbọ́ igbe.

Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ti dé kó tó ṣílẹ̀kùn tán. Ẹnì kan di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, ẹlòmíì ti ń wá igi. Láti ilẹ̀ tó wà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti fọ́ yángá, Ìyá Nafeesah ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó mọ̀ mí." Olúsànyà bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orí ewú, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti fẹ́ gbọ́ pé ọkọ̀ yìí ló yẹ kó dúró, wọ́n ní fúnra rẹ̀ ló máa ń dúró. Ẹnì kan gbọ́ ọ, ó sọ fún ẹnì kejì. Kò pẹ́ tó di pé ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ ló pa èèyàn lára. Wọ́n fi Abíọ́nà sílẹ̀, wọ́n yí sí ọkọ̀, wọ́n sọ òkúta lu gíláàsì rẹ̀, wọ́n fọ́ iná rẹ̀. Abíọ́nà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ẹ̀wù tó ti ya, ó ń wò wọ́n. Ó gbà pẹ̀lú wọn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wo bó ti rọrùn tó.

Àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Ọlọ́pàá wá béèrè ọ̀rọ̀, obìnrin náà ní òun ò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́. Olúsànyà ló gbọ́ bùkátà ọsibítù láìjanpata.

Abíọ́nà lọ kí i. Láti Ìsọlọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ohun tó máa sọ: pé kì í ṣe ẹ̀rọ, pé òun ni, pé ojú òun ti lọ, pé òun pa ohun tí ì bá rí i. Ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, Nafeesah ọmọ rẹ̀ ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó la ẹnu. Obìnrin náà gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bàbá Ṣemílọ́rẹ, ẹ má fìyà jẹ ara yín. Mo rí ojú yín, ẹ̀yin náà rí mi. Ẹ̀rọ burúkú yẹn ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ dúró."

Abíọ́nà bú sẹ́kún bí ọmọdé. Obìnrin tí kò lẹ́sẹ̀ kan mọ́ yìí wá di ẹni tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó dákẹ́, àwọn àgbà ní bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Abíọ́nà gbé ẹkún náà sókè sí i. Ó gbé ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ sẹ́nu padà lọ sílé.

Kọ́láolúwa nìkan ni kò gbà. Ó pè láti Kánádà, bàbá rẹ̀ ti ń fi ìbínú bá a sọ̀rọ̀ kó tó kí i tán, pé ẹ̀rọ tó kó wá ti sọ obìnrin kan di arọ. Ọmọ ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkọ̀ náà ní láti rí i, àyàfi tí ẹnì kan bá pa ẹ̀rọ náà. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún dírẹ́bà.

Ó ní, "Bọ̀dá Abíọ́nà, ẹ ṣeun o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò pa á ṣá?"

Ọmọ tó gbé lọ sílé ìwé lójoojúmọ́ ni, tó máa ń sùn lé e léjìká bí wọ́n bá ń bọ̀. Ọ̀gá dúró sí ọ̀kánkán rẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

Abíọ́nà ní, "Èmi kẹ̀? Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á."

Kọ́láolúwa wá ní ọkọ̀ náà máa ń rántí ohun tí wọ́n bá ṣe sí i, kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ inú rẹ̀ wò. Olúsànyà gba fóònù padà. Ó ní kò sí irin kankan tó máa wá jẹ́rìí lé ẹni tó bá òun gbé ìyàwó òun lọ sí ibojì. Ó pa fóònù. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ta ọkọ̀ náà bó ṣe wà, pẹ̀lú gíláàsì tó fọ́, fún oníṣòwò kan tó wá fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ lọ. Kó tó wọ́ ọ lọ, Abíọ́nà ti ṣí téèpù dúdú náà kúrò, ó ká a sínú àtẹ́lẹwọ́.

Lábẹ́ igi fúrúùtù, wọ́n jó. Wọ́n ní Abíọ́nà ti sọ ọ́, àbí kò sọ ọ́? Èèyàn ni èèyàn ń jẹ́, ẹ̀rọ ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Sùlè nìkan ni kò bá wọn dá sí i. Ó wo Abíọ́nà lójú, ó pẹ́ tó ti ń wò ó, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n," ó sì dìde. Kí ló fẹ́ sọ? Ọwọ́ tó fi ọ̀nà hàn náà wà nínú ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Sùlè kì í tẹ bọ́tìnnì ti ọkọ̀ ọ̀gá tiẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó dáa. Bóyá èyí tó ń bọ̀ wá bá Abíọ́nà ti há sínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ní Oṣòdì, nítorí títí di òní kò tíì dé Apakun.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Olúsànyà jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ Tóyótà àtijọ́ tí wọ́n ti gbé tì sẹ́yìn ilé. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì. Ọkọ̀ tí kò ní kámẹ́rà, kò ní ariwo, kò ní ojú kankan lára ju iná méjì lọ. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé Abíọ́nà lọ́wọ́, ó ní, "Gbà. Ojú èèyàn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé." Abíọ́nà ì bá sọ ọ́ níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Ó jókòó, ó sì fi ìka wá ihò kọ́kọ́rọ́ kí ó tó tì í bọ̀ ọ́.

Wọ́n dé Apakun. Ẹlòmíì ló ti jókòó sídìí ọsàn báyìí, Nafeesah tó fi ìwé sílẹ̀ kí ilé lè jẹun. Olúsànyà gbé ojú kúrò lórí fóònù.

"Ọmọ yẹn ń juwọ́ sí ẹ," ó ní. "Àbí o ò rí i?"

"Mo rí i, sà," ni Abíọ́nà wí.

Ọ̀gá ti padà sórí fóònù. Abíọ́nà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì juwọ́ sí apá ọ̀tún, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Apá òsì ni ọmọ náà dúró sí, ó di kẹ́ẹ̀gì mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lójú títì.